Ohun Tó Pa Àwọn Ọmọ Ehoro

"Ẹ fi ìrọ̀rí tì mí lẹ́yìn, kí n lè jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìdùbúlẹ̀ sọ. Òótọ́ kan wà tí mo gbé mì, kò sì dà nínú mi títí dòní. Bí mo bá gbé e wọlẹ̀ lọ, ilẹ̀ gan-an á bì í jáde." Bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń kán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí páànù, nínú yàrá tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ. Ọmọ àbúrò náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Yunifásítì ti gba ọmọbìnrin yìí láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, ìyá rẹ̀ sì ní ojú òun kọ́ ni yóò ti ṣe é. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fà á. "Iṣẹ́ yẹn ò bá wa mu," ni ìyá ń tẹnu mọ́. "Èmi ṣe é, mo rí ohun tí mo rí. Ọwọ́ mi ló burú. Ọwọ́ burúkú sì lè ran ọmọ." Ọ̀rọ̀ ọwọ́ burúkú yìí ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbọ́ tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, tó fi ní kí wọ́n gbé òun dìde.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ o. Oko ehoro tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ehoro tí wọ́n bí lónìí, tí kò nírun, tí kò lajú, tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, bí obìnrin yìí bá ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó di dandan kó yè. Nígbà tí ìyá wọn kú, àbúrò rẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ di ẹ̀gbọ́n, ó di ìyá, ó di bàbá. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbá abẹ́ àgò, ó ń gé koríko, kí àbúrò lè kàwé. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ dúró títí, ó sú u, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àbúrò wá di dókítà ẹran, tí oko kan náà tún gbà á síṣẹ́, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jó láti ẹnu géètì dé ìdí àgò. "Ayọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn," ló wí fún wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlara kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

Ìgbà tí ọmọ bá ń kúrò lẹ́nu ọmú ni wàhálà oko ehoro máa ń dé. Wàrà tán, koríko dé, ikùn ò sì tíì mọ ohun tí yóò fi koríko ṣe. Kí a tó ṣẹ́jú, ìgbẹ́ tó yẹ kó rí roboto bí ẹ̀wà á di omi, ọmọ ehoro á ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó di òkú. Àbúrò wá gbé oògùn lẹ́búlẹ́bú kan dé, inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan ẹlẹ́mìí ló wà nínú èyí o. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ni, àmọ́ kòkòrò rere. Irú wọn ló ń bá ehoro pò koríko níkùn. Ẹ ò rí i pé ehoro máa ń tẹ orí ba, á máa jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ tó bá rọ̀?"

"Mo rí i. Ọ̀bùn ni mo kúkú ń pè wọ́n."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Wọn kì í ṣe ọ̀bùn. Ehoro ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn kòkòrò rere yẹn, padà sínú ilé ni. Àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, òṣìṣẹ́ tiwọn ò tíì pé, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi èyí kún oúnjẹ wọn. Omi tútù ni kẹ́ ẹ máa fi pò ó. Bí omi gbígbóná bá kàn án, ó kú nìyẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, kápúsù tí èèyàn ń lò sí egbò àti eyín, ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Kápúsù ò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Tí ehoro bá gbé e mì, gbogbo òṣìṣẹ́ inú ilé ló máa pa, àwọn aṣebi á wá gba ilé."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe kìlọ̀ fún mi," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. "Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ẹlòmíì lè rí àìmọ̀ sá sí. Èmi ò rí."

Lẹ́búlẹ́bú náà ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ehoro ń dàgbà, irun wọn ń dán, ikú sì dínkù débi pé àgò ò gbà wọ́n mọ́. Ọkùnrin tó ni oko náà, Olóko ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wá. Ní ọjọ́ kan ó gbé ọwọ́ lé èjìká àbúrò lójú àwọn àlejò, ó ní, "Kí Dókítà yìí tó dé, òkú ehoro la kàn ń sìn níbí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ọmọ ehoro tó ti fi ọwọ́ yìí gbà lẹ́nu ikú, Olóko fi gbólóhùn kan gbá wọn dànù. Bí àbúrò bá tilẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n," ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ ọmọdé ni, orí rẹ̀ ti wú, kò rántí.

Bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́tùlù kaná nìyẹn. Láràárọ̀, kó tó pò lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ oúnjẹ, á da omi híhó lé e lórí, á jẹ́ kó tutù, á wá gbé e fún wọn. Òkú oògùn ni wọ́n ń jẹ. Ikú kò pọ̀ lọ títí, ó kàn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àbúrò ń dààmú, ó ń gbóòórùn oúnjẹ, ó ń yẹ omi wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó, àbí oúnjẹ ti bu?" Ẹ̀gbọ́n á bá a wò ó, á mi orí, á ní òun ò rí nǹkan kan. "Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́," ló wí, ó ń na ìka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi ni mo sọ nǹkan nù, èmi ni mo tún ń bá a wá a."

Síbẹ̀ Olóko ò yéé yin Dókítà. Ó ní àwọn olùrajà ńlá ń bọ̀, Dókítà ni yóò sì mú wọn yí oko ká. Ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa dé, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kó kápúsù tó ń lò sí eyín rẹ̀, ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi ilé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmú. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kú. Òun kàn fẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn yàgbẹ́ gbuuru, kí àlejò rí i, kí ojú ti àbúrò díẹ̀. "Èṣù ò tì mí," ló wí. "Èmi fúnra mi ni mo rìn lọ síbẹ̀."

Ọjọ́ tí àlejò dé, oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà nínú àwo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Àwọn ọmọ ehoro lóṣòó, ikùn wọn le bí òkúta, wọ́n ń lọ eyín wọn kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, nítorí bí ehoro ṣe ń ké ìrora nìyẹn. Àwọn olùrajà bo imú, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, ilé náà ti ṣófo. Àbúrò kúnlẹ̀ nínú ìgbẹ́ olómi, ó ń fi ṣíbí rọ omi sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Olóko dé, ó pariwo mọ́ ọn pé, "Lẹ́búlẹ́bú rẹ ló pa wọ́n!" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ tó mọ ehoro, sọ̀rọ̀. Kí lo rí?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ yíjú sí àbúrò rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ti dìde dúró. Aṣọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Mo ní, 'Kí lẹ́búlẹ́bú yẹn tó dé, irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí.' Ohun tí mo sọ nìyẹn. Kápúsù pa ehoro. Gbólóhùn yẹn pa ìwọ. Wọ́n lé ọ, o délé, o gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, o ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi burú.' Mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ. Mo ní, 'Má sunkún, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni.' Mo tún wá ti Ọlọ́run mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà lo ti ń ta bàtà. O ò jẹ́ kí ọmọ rẹ sin ológbò pàápàá. Èmi, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé ehoro, mo sì gbà á." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ọmọ mi, kò sí ọwọ́ burúkú kankan. Lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ. Àmọ́ bó o bá rí i lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń yin ẹni tó o fẹ́ràn, tí inú rẹ ń run ọ́, tètè sọ ọ́ síta. Lọ bá onítọ̀hún, kó o ní, 'Ó dùn mí o.' Èmi ò sọ ọ́. Mo gbé kẹ́tùlù kaná."

Àbúrò ò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Nígbà tí ẹ ń nu ojú mi, ṣé ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Mo ti mọ̀."

Àbúrò jáde sínú òjò. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú aláìsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí, àbúrò wọlé, ó gbé àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kápúsù mélòó ni?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ fún un.

Ó mi orí bíi dókítà. "Ó tó o. Ó ju ohun tó lè pa wọ́n lọ." Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Mo fura sí oúnjẹ. Mo fura sí omi kànga. Mo fura sí àwọn tó kọ́ mi níwèé, mo sì fura sí ara mi ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan ni mi ò fura sí láyé yìí."

"Àbúrò mi, foríjì mí."

"Ẹ ó sọ ọ́ fún Olóko, lójú mi."

"Máa sọ ọ́. Pè é wá."

"Ọmọ yìí á lọ sí yunifásítì. Mo ti gbà."

Wọ́n pe Olóko, ó dé pẹ̀lú ọ̀pá, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sì sọ gbogbo rẹ̀ láì yọ kan sílẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú sí àbúrò, ó ṣí fìlà lórí. Lẹ́yìn náà, láràárọ̀ ni àbúrò ń wá bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láràárọ̀ náà ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Àbúrò mi, foríjì mí." Àbúrò á fẹ́ oúnjẹ tó wà lórí ṣíbí kó tutù, á ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ la ẹnu."