Òfin Márùn-ún Tí Mo Gbọ́ Lẹ́yìn Ògiri

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé obìnrin tó ń sunkún ló jókòó tì yín. Mi ò sunkún. Láti kékeré ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé omijé mì, òun ló sì gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí. Kúdí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, ń gbé ní Ìjàgbó, ibi tí ọlọ́kadà máa gbé èèyàn dé láti Ọ̀fà kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù. Bí mo bá débẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, á kúnlẹ̀ kí mi, á gbé omi fún mi, á ní, "Ẹ kú ìrìn, mà," bí ẹni ń kí àlejò tó ṣìnà. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló gbá a títí etí náà fi di, ṣùgbọ́n èmi ìyá rẹ̀ ni mo mú un padà sọ́wọ́ ọkùnrin náà, ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ta ni kí n bínú sí? Mo ti bínú sí ọkọ rẹ̀, mo ti bínú sí bàbá mi tó ti kú, ó wá ku ẹnì kan tí a jọ ń sùn tí a jọ ń jí, ìyẹn èmi fúnra mi.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ sójà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà wá sí Ọ̀fà, wọ́n da iyanrìn sẹ́yìn ilé wa, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ní ìjàkadì lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń da èèyàn nìkan ni Baba Sójà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè wọ́n, ń kọ́ wọn. Ìwà ni wọ́n ń kọ́ wọn. Wọ́n máa ń sọ pé sójà tí kò ronú, màlúù tó wọ bàtà ni. Wọ́n ní òfin márùn-ún tí wọ́n ń ké, tí àwọn ọmọ náà ń gbè lẹ́yìn wọn, tí ohùn wọn á sì dé ojú irin. Má kẹ̀yìn sí ẹni tó ń bá ọ jà. Má jẹ́ kó rí omijé rẹ. Ohun tí o bá bẹ̀rẹ̀, parí rẹ̀. Má fẹjọ́ sùn. Bí o bá sì ti lọ, má wẹ̀yìn. Obìnrin kò gbọdọ̀ tẹ iyanrìn yẹn, bó ti wù kó kéré tó. Nítorí náà, mo máa ń dojú garawa bolẹ̀ lẹ́yìn ògiri, màá gun orí rẹ̀, màá na ọrùn, màá máa wò wọ́n. Mo mọ òfin náà lórí ju àwọn ọmọkùnrin lọ. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá á fa àwọn méjì tó fẹ́ jà mọ́ra, wọ́n á fi orí wọn kanra, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ nǹkan kan sí wọn létí jẹ́jẹ́. Ìyẹn nìkan ni mi ò gbọ́ rí. Mo rò pé àdúà ni.

Ẹ wá wo bí mo ṣe fi òfin márùn-ún yẹn jayé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta pákó létí ọ̀nà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ta pákó níbẹ̀ ní kí n lọ máa ta ata, pé pákó kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Mi ò kẹ̀yìn. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń kí mi ní Alhaja, mi ò sì tíì rí Mẹ́kà lójú àlá. Nígbà tí bàbá Kúdí kú, tí àwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ lé èmi àti ọmọ mi jáde nínú ilé, mi ò sunkún, mi ò sì fẹjọ́ sùn. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi sú wọn. Gbogbo àdúgbò ní ọmọ Baba Sójà ni mí lóòótọ́. Ìyìn dùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Òfin náà ṣiṣẹ́ fún mi, mo sì gbà pé ẹ̀wù tó bá mi mu gbọ́dọ̀ bá ọmọ mi mu. Kúdí kò tíì wọ iléèwé tó ti mọ̀ ọ́n lórí. Bí mo bá ń dirun fún un láàárọ̀, màá ní, "Kí ni a kì í ṣe?" Á ní, "A kì í fẹjọ́ sùn, Màmá." Ọjọ́ kan tó ti iléèwé dé tí orí rẹ̀ wú kókó, ó ní òun ṣubú ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Inú mi dùn sí irọ́ náà.

Kò tíì pé ọdún kan tó wọlé ọkọ tó kọ́kọ́ wá. Ọ̀sán gangan ni, mo ń wọn pákó fún káfíńtà kan. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Mo ṣí ìborùn náà, mo rí i. Mo rí i o, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé mi ò mọ̀. Ó ní, "Màmá, mo wá bá yín." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bu omi tútù fún un, ó mu ún tán, mo wá bi í pé kí ni a kì í ṣe. Ó wolẹ̀. Ó ní a kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó ń bá wa jà. Mo pe oníkẹ̀kẹ́, mo jókòó tì í, mo mú un dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà, tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pólì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Mo ní, "Ẹ máa fara dà á fún ara yín." Fún ara yín! Bí ẹni pé ọmọ tèmi náà ń lu ẹnì kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní àsàlátù, àwọn ẹgbẹ́ mi ní mo káre, pé ìyá tó bá ń gba ọmọ sílé ló ń tú ilé ọmọ rẹ̀ ká. Mo ń bínú sí àwọn náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ńkọ́.

Nígbà kejì, ó ti bí Ràmá, ó pọ̀n ọ́n wá. Ó fi òwú dí etí òsì, òwú náà sì ti rin. Ó tún ní, "Màmá, mo wá bá yín." Ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù, nítorí òun gan-an ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀: inú mi dùn. Etí ọmọ mi ń ṣọyún, èmi ń yọ̀ pé kò sunkún. Mo tiẹ̀ gbá a lẹ́jìká, mo ní, "Ọmọ Baba Sójà." Mo fún un ní oògùn tó ń pa ìrora, mo ní, "Ohun tí o bá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Màá parí rẹ̀, Màmá." Ó gbé àpò rẹ̀. Èmi ni mo tún nawọ́ dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Nígbà kẹta, kò wá sọ́dọ̀ mi. Iwájú ìsọ̀ mi ni ọ̀kadà rẹ̀ gbà kọjá, Ràmá wà láàárín òun àti ọlọ́kadà, báàgì ńlá kan wà lórí itan rẹ̀. Mo pè é, mo nawọ́. Ó rí mi kó tó dé iwájú mi, mo mọ̀ pé ó rí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó kọjá tán, kò wẹ̀yìn. Ilé ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Làmídì, ní Ìjàgbó ló forí lé. Ṣé ẹ rò pé mo sáré tẹ̀ lé e? Odindi oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó sídìí pákó tí mo ń retí kó wá bẹ̀ mí. Nígbà tí mi ò rí i, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàgbó, kì í ṣe láti wo etí ọmọ mi o, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá jà ni.

Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó àgbàdo. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti sọ ọmọ mi di ojo," ni mo fi kí wọn. "Ẹ̀yin tí ẹ jà lórí iyanrìn Bàbá, ẹ wá ń gba ẹni tó sá lójú ìjà."

Wọn ò gbójú sókè. "Ìyá Kúdí, kí ni Bàbá ní ká máa ṣe?"

Mo ka márààrún láìkọsẹ̀. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ó ku ọ̀kan."

"Èwo ló kù?"

"Èyí tí wọ́n máa ń sọ kí á tó wọ̀yá ìjà. Sún mọ́ mi."

Bọ̀ọ̀dá mi, arúgbó tí eyín wọn ò pé mọ́, fi ọwọ́ tí háhá àgbàdo lẹ̀ mọ́ fa orí mi, wọ́n fi iwájú orí wọn kan tèmi, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí Bàbá ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní, "Bí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, ìjàkadì ti tán nìyẹn. Jáde kúrò lórí iyanrìn, kí o wá bá mi. Èmi ni mo máa dá sí i."

Bọ̀ọ̀dá padà sídìí àgbàdo wọn. Wọ́n ní kí ni mo rò pé ó ń jẹ́ kí àwọn lè dúró gbọn-in, kí àwọn má kẹ̀yìn, kí àwọn má sunkún? Ṣebí nítorí àwọn mọ̀ pé Bàbá dúró sí etí iyanrìn ni. Wọ́n ní, "Mo rò pé ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Ta ló jẹ́ kí n wọ ibẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

Wọ́n ní a kì í bínú sí òkú. Èmi ń bínú sí i. Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ ń ké èyí tó le títí ó fi fo ògiri, tí ẹ wá ń sọ èyí tó ń gbani là sínú etí ọmọkùnrin méjì? Ẹ rí mi lórí garawa. Mo mọ̀ pé ẹ rí mi, nítorí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣe jẹ́ pé ẹ ò pè mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ṣùgbọ́n bí mo bá bínú sí Bàbá tán, ìbínú náà á yí padà, á wá bá mi. Ṣé dandan ni kí ẹnì kan kọ́ ìyá ní èyí? Adìyẹ ò gbọ́ òfin kankan rí, síbẹ̀ bí àwòdì bá dé, apá ló fi ń bo ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ẹbí ọkọ Kúdí wá bá mi nílé, àwọn àgbà mẹ́ta. Wọ́n ní kí n lọ mú ìyàwó àwọn wá, pé ṣebí èmi ni mo máa ń mú un padà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Mo dìde. Mo ní, "Ọwọ́ ọmọ yín ti di ẹ̀ṣẹ́. Ìjàkadì ti tán. Ẹ dìde nílé mi." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alhaja, ẹ rọra, ilé ọkọ nilé obìnrin." Mo ní kó mú ọmọ tirẹ̀ lọ fún ọkùnrin náà kó fi ṣe ìyàwó, ká wá máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n jáde, wọ́n ń sọ pé orí mi ti dàrú. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ̀nà Ìjàgbó lójú ẹsẹ̀ láti lọ ròyìn fún Kúdí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo jókòó sí, kó lè gbọ́ mi. Mo sọ bí mo ṣe lé wọn. Mo sọ òfin kẹfà fún un. Mo fi iwájú orí mi kan tirẹ̀, mo ní, "Wá bá mi, Kúdí. Èmi ni mo máa dá sí i." Kò fa orí rẹ̀ kúrò. Ó dúró kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní, "Mo wá bá yín, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì." Ó dìde, ó lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná. Ojú rẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ọmọ yín rí tó sì tún padà fojú òbí wò yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò bínú. Ì bá bú mi. Ì bá lé mi bí mo ṣe lé àwọn àgbà yẹn, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Òfin tí mo fi tọ́ ọ ló ń pa mọ́ sí mi. Kò jẹ́ kí n rí omijé rẹ̀, kò fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni, kò sì wẹ̀yìn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Ràmá ń sáré lágbàlá Bọ̀ọ̀dá, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ó la ẹnu láti ké. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Mo sáré gbé e, mo gbé e mọ́ àyà, mo ń sọ pé, "Sunkún, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, sunkún." Ó kàn ń wò mí ni, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ.