Ìpè tí Kò Dé Etí Fèyíkẹ́

Bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ jù lábẹ́ ahọ́n èèyàn, ọjọ́ tó bá fẹ́ jáde, kì í bèèrè bóyá àlejò wà nílé. Bó ṣe rí fún Adébùkọ́lá télọ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ Sátidé tí Fèyíkẹ́ ọmọ Kàmọ́rù gboyè jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú mi ló ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ike omi dídì ni mo jókòó sí, mo sì gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Èyí tí n ò gbọ́, Adébùkọ́lá fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ó ní òun ò fẹ́ kó pa mọ́ mọ́, kí n máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà, kò sì tíì sú mi.

Kàmọ́rù, bàbá ọmọ, ará Ìsẹ́yìn ni. Iṣẹ́ táìsì ló gbé e wá sí Èkó. Àwọn ilẹ̀ tó ń dán nínú ilé àwọn olówó ní VGC, tí bàtà ń yọ̀ lórí ẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá méjì tí òun àti Rẹ̀míláyọ̀ ìyàwó ẹ̀ ń gbé ní Ìkàtẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ta ló rántí táìsì? Ọmọ Kàmọ́rù ti di olùkọ́. Alhaji Bùsàrí onílé wọn, ọmọ onílẹ̀ gidi, tí bàbá ńlá ẹ̀ ti ń pẹja níbẹ̀ kí títì márosẹ̀ tó dé, yọ̀ǹda ojúde ilé ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó kàn ní abọ́ àkọ́kọ́ tó bá kúrò nídìí ìkòkò, tòun ni.

Láàárọ̀, gbogbo wa ti há sínú kọ̀rọ́pẹ̀ kan lọ síbi ìgboyè. Nígbà tí à ń bọ̀, Fèyíkẹ́ yọrí síta lójú fèrèsé pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin lórí, gbogbo ẹni tó wà létí títì Lẹ́kí ló ń juwọ́ sí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń fun fèrè dá a lóhùn. Ìyá ẹ̀ ní kó wọlé kí atẹ́gùn má gbé fìlà lọ, torí pé wọ́n háyà ẹ̀ ni. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, tó bá gbé e lọ, á mọ̀ pé orí tó kàwé ni òun ti gbé e."

Àwọn ọmọ ìwòyí wá ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn. Tí wọ́n bá ti gboyè, wọ́n á bọ́ gáùn dúdú ọrùn wọn, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ẹni tó jìyà lórí wọn, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á sì ya fọ́tò. Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó dúró gbagidi bí ọmọ iléèwé tí tíṣà pè síwájú, omi wá lé ròrò sójú ẹ̀, ó ní ata tí wọ́n ń dín ló ta sí òun lójú. Rẹ̀míláyọ̀ wọ̀ ọ́ ní tiẹ̀, ó kọ̀ kò bọ́ ọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ oní-POS, àfìgbà tí Fèyíkẹ́ lọ mú un padà. Ọmọ náà wá ní, "Ó ku ẹnì kan. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí."

Àǹtí tó ń pè ni Adébùkọ́lá, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀ ní Ajah kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Fèyíkẹ́ gbé gáùn kọ́ ọ lọ́rùn, ó dì í mọ́ra, ó sì kọjú sí gbogbo wa. "Ọdún tí àyè kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ni wọ́n nu omijé mi. Àwọn ni wọ́n ní kí n tún ìdánwò ṣe. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." A pàtẹ́wọ́. Òógùn bo Adébùkọ́lá, ó ní gáùn náà ló mú ooru. Ó sọ fún mi pé ní tòótọ́, òun ti ní kí òun gbé ọ̀rọ̀ náà mì lọ́jọ́ yẹn náà, bí òun ṣe máa ń gbé e mì.

Ibi tí Kàmọ́rù ti gbé kúlà kan wọlé nìyẹn. Ohùn ẹ̀ ò ròkè. Ó ní, "Mọ́ínmọ́ín ni. Àǹtí Wòsílá ló ní kí wọ́n gbé e wá fún ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò ní wá, kí inú ẹnikẹ́ni má bàa bàjẹ́." Wòsílátù, ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù ni. Ó ń se oúnjẹ tà fún àwọn lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Jákàńdè, òun ló sì mú Kàmọ́rù wá sí Èkó, tó fún un níbi tó sùn sí. Ojú Rẹ̀míláyọ̀ yí padà. "Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Mò ń bọ̀ wá dà á sí gọ́tà."

Kàmọ́rù ní, "Rẹ̀mí, lónìí?"

"Lónìí gan-an. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á. Lọ́dún tí Fèyíkẹ́ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò, Wòsílátù wá kí wọn nílé, ó ní, "Kí lẹ̀ ń sáré lé? Ọmọ ò tíì gba òmìnira níbi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé di ọdún tó ń bọ̀." Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá àti ọmọ lọ béèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ní, "A pè yín, ẹ ò wá, a ti fi àyè yín fún ẹlòmíràn." Wọ́n yẹ fóònù Fèyíkẹ́ wò títí, kò sí ìpè kankan níbẹ̀. Ìpè tó dún tí ẹni tó ni fóònù ò gbọ́, tí fóònù gan-an ò sì rántí, ṣé ojú lásán nìyẹn? Wọ́n ní ayé ti dí ọmọ létí. Wọ́n wá ẹni tó ti fi ẹnu ba nǹkan náà, wọ́n sì rí Wòsílátù. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ojúde yẹn mọ́.

Rẹ̀míláyọ̀ ti di kúlà náà mú kí Adébùkọ́lá tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Fèyí, ẹ má dà á nù." Bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó ń fín ẹran tiẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Èmi ni mo gbé ìpè náà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó lù mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé inú apẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń kó fóònù ọmọṣẹ́ sí láàárọ̀, mi ò sì ní dá a padà títí a ó fi palẹ̀ mọ́, torí ẹni tó bá ń wo fóònù á rán ìka ara ẹ̀ mọ́ aṣọ. Lọ́jọ́ náà, mo ti rán Fèyíkẹ́ lọ ra síìpù lọ́jà. Fóònù ẹ̀ ń dún, kò dákẹ́, mo bá gbé e. Ọkùnrin kan ní láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun ti ń pè, àyè kan ṣẹ́ kù, kí Fèyíkẹ́ wá gbà á kí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo ní, 'A dúpẹ́ o, sà, màá sọ fún un.' Ẹ ò rí ẹnu mi? Ìyàwó kan ní VGC ló kó aṣọ ìgbéyàwó fún wa lọ́sẹ̀ yẹn, tiẹ̀ àti tàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ tò sí ọrùn aṣọ bíi Fèyíkẹ́, èmi tí mo kọ́ ọ gan-an ò mọ̀ ọ́n tò tó bẹ́ẹ̀. Mo ní tí mo bá sọ fún un báyìí, á ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tún ní ó di ọ̀la. Ọjọ́bọ̀ kọjá lórí mi báyẹn. Ni mo bá pa ìpè náà rẹ́ nínú fóònù, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo fi etí aṣọ mi nu fóònù ọ̀hún. Ẹ má tíì bínú o, èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ìyá Fèyí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sunkún, ó ní Àǹtí Wòsílá ló wà nídìí ẹ̀. Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mi orí, mo ní, 'Ayé le.' Ó ní ká gbàdúrà, a kúnlẹ̀ sáàárín àkísà aṣọ, ó ní, 'Ẹni tó gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ mi, kó má rí ìsinmi.' Ta lẹ rò pé àmín ẹ̀ ròkè jù? Èmi náà ni. Mo ṣe àmín sí èpè ara mi nítorí aṣọ onílẹ̀kẹ̀. Èpè ọ̀hún sì jà: láti ìgbà náà, tí fóònù bá ti dún, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, àyà mi á já. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mi, láti ọjọ́ Ajé, ẹ máa mú fóònù yín dání. Tẹ́ ẹ bá sì di ọ̀gá lọ́la, ẹ má torí iṣẹ́ tiyín dí ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ."

Alhaji Bùsàrí ló kọ́kọ́ mira. Ó na ọwọ́ sí kúlà, ó tú ewé mọ́ínmọ́ín kan, ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, eléyìí ò jẹ̀bi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Rẹ̀míláyọ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Adébùkọ́lá, ìwọ? O bá mi gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí."

"Mo bá yín gbà á."

"Ṣé o gbà á dópin?"

Adébùkọ́lá wolẹ̀. "Mo jẹ ẹ̀wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Fèyíkẹ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó súnmọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó gba gáùn náà kúrò lọ́rùn ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. "Àǹtí, ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé orí mi ò gbàwé. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọdún míì lò. Mọ́mì mi kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀, èmi náà kọ́. Àǹtí Wòsílá ńkọ́? Ẹ lọ mú wọn wá. Tí wọn ò bá dé, kò sẹ́ni tó máa gé kéèkì níbí."

Bí èmi, Adébùkọ́lá àti Rẹ̀míláyọ̀ ṣe wọ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, ó di Jákàńdè. A bá Wòsílátù níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Adébùkọ́lá kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ìpè, àti àmín, àti ẹ̀wà. Mo ń retí kí obìnrin náà bú u, torí mo mọ ẹnu Wòsílátù tẹ́lẹ̀. Ẹnu tó dùn, tó sì mú ni. Kò bú u. Kànìnkànìn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹnu mi?"

Rẹ̀míláyọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ẹnu yín. Ẹ dárí jì mí."

"Mo gbà yín gbọ́ nígbà yẹn o. Èmi náà ní bóyá ẹnu mi burú. Mi ò kí aboyún mọ́. Tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun fún mi, màá máa wúkọ́, kí wọ́n má bàa ní kí n súre fún un. Ọmọ tèmi ṣègbéyàwó, ẹlòmíràn ni mo bẹ̀ kó bá mi gbàdúrà fún un." Rẹ̀míláyọ̀ bú sẹ́kún. Èmi náà ò lè sọ pé ata ló ta sí mi lójú. Wòsílátù ju kànìnkànìn sínú ìkòkò. "Ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ wẹ̀ ná. Aṣọ ìdáná kọ́ ni mo fẹ́ fi dárí ji èèyàn."

Nígbà tí a padà dé, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kan kéèkì, ṣùgbọ́n kúlà mọ́ínmọ́ín ti fúyẹ́, Alhaji sì ń wo ojú sánmà. Fèyíkẹ́ wọ gáùn fún Àǹtí Wòsílá ẹ̀. Gáùn náà fún un lápá, fìlà ò sì wọlé nítorí gèlè. Afọ́tò ní kó rẹ́rìn-ín. Kàkà kó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, ó sì la ẹnu. Ó pe oríkì ẹ̀ títí dé ilé bàbá wọn ní Ìsẹ́yìn. Ó súre iṣẹ́ fún un, ó súre ọkọ, ó súre ọmọ, ó ní títì tí àwọn bàbá ẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn, mọ́tò ara ẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Alhaji ní, "Wòsílátù, oúnjẹ ń tutù."

"Ẹ jẹ́ kó tutù, Alhaji. Ó ti pẹ́ tí àdúrà yìí ti wà nínú mi."

À ń ṣe àmín, à ń rẹ́rìn-ín, a tún ń ṣe àmín. Ìgbà tó yá, Wòsílátù gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn, níbi tí Adébùkọ́lá sá pamọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò la ẹnu. Ó ní, "Adébùkọ́lá, mi ò gbọ́ àmín tìẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ níbi èyí. Ẹni tó gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ wa, kó rí ìsinmi."

Adébùkọ́lá la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde. Gbogbo wa la bá a ṣe àmín náà.