Bí Wọ́n Bá Kan Ìlẹ̀kùn

Nínú bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway nílùú ọba, ìyá kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì jókòó síwájú mi pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ìwé ìtàn Amẹ́ríkà kan tí ọmọ náà ń kà níléèwé ni wọ́n sì ń jiyàn lé lórí.

"Ọmọ inú ìwé yìí fi ẹrú kan tó sá lọ́dọ̀ olówó ẹ̀ pamọ́, ó wá purọ́ fáwọn tó ń wá a. Ó gbà pé ọ̀run àpáàdì lòun ń lọ."

"Irọ́ ṣáà ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà ẹ."

"Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí wọ́n dá ẹrú padà fólówó ẹ̀ burú, Mummy."

"Bíbélì ò sọ pé ká máa purọ́ torí pé òfin burú."

Ọmọ náà pa ìwé dé. "Nígbà tí Auntie tí ò ní pépà ìgbélùú ń sùn ní yàrá mi, kí lẹ ní kí n sọ bí àwọn tó ń wá a bá kan ìlẹ̀kùn?"

Ìyá rẹ̀ yíjú sí fèrèsé. Ibùdókọ̀ tó yẹ kí n ti sọ̀ kọjá, mi ò dìde.

"Pé kò sẹ́nì kankan nílé."

"Ohun tí mo sì sọ fún wọn nìyẹn nígbà tí wọ́n dé. Ṣé ẹ wá tọrọ ìdáríjì?"

"Mo gbàdúrà," ni ìyá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Mi ò tọrọ ìdáríjì. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n padà wá."