Ìbejì Tí Kọ̀ǹpútà Kà Sí Ọ̀kan

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í ṣì wá kà. Màmá Bùsọ́lá ni mí. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń ṣàníyàn jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Lónìí, mo fẹ́ sọ bí Ọlọ́run ṣe lo àníyàn mi, létòlétò, kí n má baà fo nǹkan kan.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń wọ àwọn ọ́físì wa. Bùsọ́lá, ọmọ mi, ló ń tẹ ti yàrá káàdì ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Ikán ti jẹ àwọn káàdì àtijọ́, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà nìkan ni àkọsílẹ̀ wà. Tébù méjì, ìyẹn àtẹ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ni: ọ̀kan fún orúkọ àwọn aláìsàn, ìkejì fún àìsàn wọn àti oògùn tí ara kálukú kò gbà. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi so méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó yọ ohun gbogbo tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó pàṣẹ fún tébù méjèèjì pé kí èyí tí orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá jọra ku ọ̀kan, ó parí, inú rẹ̀ dùn. Kò rántí pé "Ìbejì" ni akọ̀wé máa ń kọ fún ọmọ méjèèjì nílùú wa: Ìbejì Ajíbádé, Ìbejì Ajíbádé, ọjọ́ ìbí kan náà. Kọ̀ǹpútà pa ìkejì rẹ́. Bó ṣe ṣe fún gbogbo ìbejì nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Àgbà Ajíbádé gbé Táíwò, ọ̀kan nínú ìbejì ọmọ-ọmọ rẹ̀, dé, ara rẹ̀ gbóná, kò lè mí dáadáa. Ìyá ọmọ ti lọ sí Èkó.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé abẹ́rẹ́ kankan wà tí ara rẹ̀ kò gbà?"

"Ó wà! Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á léṣìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sí n'úlé, àbí èmi ni mò ń kọ ìwé yín?"

"Kò sí ìkìlọ̀ kankan níbí, Màmá."

"Kẹ́hìndé nìyẹn. Táíwò dà?"

Bùsọ́lá ń gbọ́ wọn láti yàrá káàdì; ibẹ̀ ló ti mọ ohun tó ṣe. Ọ̀kadà ló gùn wá bá mi.

"Màámi, dísìkì dà?"

"Èyí tí o máa ń tìtorí rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà báyìí!"

Iná jó gbogbo ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama wa nígbà tí mo wà ní Form Four. Mi ò gbàgbé. Nítorí náà ni mo ṣe ń yọ Bùsọ́lá lẹ́nu, tí ọ̀gá rẹ̀ náà sì gbà, pé kí ó máa da ohun gbogbo inú kọ̀ǹpútà kọ sórí dísìkì méjì, ohun kan náà lórí méjèèjì, ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi náílọ́ọ̀nù wé wọn sínú agolo mílíìkì nílé mi.

Mo tẹ̀ lé e lọ. A ki àkọ́kọ́ bọ kọ̀ǹpútà. Kò ṣí. Mo di èjìká ọmọ mi mú. Àdúrà gígùn kò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Olúwa, Ìwọ mọ èwo ni Táíwò."

A ki ìkejì bọ̀ ọ́. Ó ṣí! Ìbejì Ajíbádé méjì wà níbẹ̀. Lára ọ̀kan, nọ́ọ̀sì kan ti kọ ọ́ pé: Táíwò, kò gbọdọ̀ gba pẹnisílínì.

Yé! Pẹnisílínì náà gan-an ni wọ́n ti gbé kalẹ̀ dè é. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn, ara rẹ̀ sì yá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, òun ni kí ẹ fi so tébù pọ̀, kì í ṣe orúkọ. Kí ẹ tó pàṣẹ pé kó pa nǹkan rẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi gbogbo ohun tó fẹ́ pa rẹ́ hàn yín, kí ẹ kà á tán. Ẹ̀dà tí ẹ bá sì ṣe, ẹ ṣí i wò lọ́jọ́ náà. A kò ṣí dísìkì àkọ́kọ́ yẹn wò rí. Ẹ̀bi tèmi ni. Mo rò pé agolo ti tó.

Bùsọ́lá ti fún gbogbo ìbejì ìlú yìí ní nọ́ńbà, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Táíwò. Kẹ́hìndé. Ẹ yíjú padà, ará, ẹ bá mi kà wọ́n: ọ̀kan, èjì. Méjì ni wọ́n o! Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run.