Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ṣì Kà ní Ibùdókọ̀ Cologne

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Olálọmí. Ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mórẹ́nikẹ́ tí í kẹ́ ẹni tí kò lẹ́ni. A-bọ́-ọmọ-ọlọ́mọ-bí-ẹni-bọ́-tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó pọ̀n mí lọ sódò kí n tó mọ ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Màmá Fúnmi ti sọ àkókò ẹ̀rí di ìsìnkú, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀. Oríkì tí mo kì yẹn wà nínú ẹ̀rí mi. Ọlọ́run tó mú mi jáde ní Alief, ní Houston wa níbí, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wọ ṣòkòtò péńpé ní oṣù kìíní, tó mú mi la ìlú márùn-ún àti yìnyín já pẹ̀lú orúnkún tí kì í gbọ́ràn, Òun ni mo dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé torí mo mọ ara mi. Bí mo bá ní kí n fi ẹnu lásán sọ ọ́, ẹkún á gbé e lọ, Pastor Adéṣínà á sì ní àkókò ti tó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí ìyá wa kú ní Ọ̀fà, Àǹtí Sàrátù, àbúrò wọn, ló dúró létí ihò tó kì wọ́n títí tí a fi bu erùpẹ̀ tán. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣàdéhùn pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú àwa méjèèjì ni yóò ki ẹnì kejì wọlẹ̀. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi bá ọkọ lọ sí Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Èmi bá ọmọ wá sí Houston níbí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Tọ́pẹ́, Hamburg náà ni wọ́n sì bí i sí. Tọ́pẹ́ gbọ́ Yorùbá oúnjẹ, ó gbọ́ Yorùbá ìkíni, ó gbọ́ Yorùbá ìbáwí, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì.

Nígbà tí àìsàn ẹ̀gbọ́n mi le, wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé, “Àjọkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi wọlẹ̀ bí ẹni tí kò nílé o.”

Mo ní, “Ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kì mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o fẹ́ràn oríkì gígùn yẹn? Á ti rẹ̀ mí kí n tó dé ìdajì.”

Ọ̀rọ̀ tí a sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọjọ́ Thursday ni Tọ́pẹ́ pè pé wọ́n ti lọ, àti pé ìsìnkú máa wáyé ní Wednesday tó ń bọ̀, ní ago mẹ́wàá àárọ̀.

Fúnmi ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Westchase, ní kí n jókòó sílé kí n fi video call kì wọ́n. Mo ní, “Fúnmiláyọ̀, a kì í ki òkú lórí wáyà. Tí network bá já mọ́ mi lẹ́nu ní àárín, ta ni màá bi léèrè ibi tí mo bá a dé?” Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Kò lè tẹ̀lé mi, ibi iṣẹ́ ẹ̀ ò yọ̀ǹda. Ọkọ̀ òfuurufú tó lọ tààrà ju agbára wa lọ, ó wá wá èyí tó rọjú. Rírọjú yẹn ló sọ mí di arìnrìn-àjò lọ́jọ́ ogbó: láti Houston dé Lisbon, láti Lisbon dé Paris, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì láti Paris lọ sí Brussels, Brussels lọ sí Cologne, Cologne lọ sí Hamburg. Èmi nìkan, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Mother Abígẹ́ẹ̀lì àti Sister Bùsọ́lá wá gbàdúrà nílé kí n tó lọ. Mother gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, “Olúwa, ibi tí wọn ò bá ti gbọ́ èdè Màmá Fúnmi, fi ẹni tó gbọ́ ọ dúró dè wọ́n níbẹ̀.” Mo ṣe àmín. Mi ò mọ̀ pé àdúrà yẹn ti ṣíwájú mi wọkọ̀.

Ó wá ku kóòtù. Ẹ̀yin náà mọ̀, Houston kì í bi wá léèrè kóòtù òtútù. Brother Káyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Baytown, ló gbé kóòtù iṣẹ́ ẹ̀ wá. Ó nípọn bíi tìmùtìmù, àwọ̀ ọsàn, ìlà tó ń dán sì yí àyà àti apá ẹ̀ ká. Fúnmi ní, “Mummy, ẹ ò lè wọ eléyìí. Ẹ máa dà bí ẹni tó ń tún freeway ṣe.” Brother Káyọ̀dé ní, “Ó kéré tán, mọ́tò ò ní gbá wọn.” Mo wọ̀ ọ́.

Ní Lisbon, ibi tó rọjú tí Fúnmi gbà fún mi, bẹ́ẹ̀dì orí bẹ́ẹ̀dì ni, àwa mẹ́jọ nínú yàrá kan. Tèmi wà lókè. Mo wo àkàbà, àkàbà náà wò mí. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀, Inês lorúkọ ẹ̀, wo irun orí mi, ó gbé báàgì ẹlòmíràn kúrò ní ìsàlẹ̀, ó sì tẹ́ ibẹ̀ fún mi. Ọlọ́run á tẹ́ ibùsùn rere fún òun náà. Ní Paris, ibi tí ọkọ̀ òfuurufú já wa sí jìnnà sí ìgboro bí Baytown ṣe jìnnà sí wa níbí, bóyá ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mamadou, ará Mali, ló bá mi gbé ẹrù wọ bọ́ọ̀sì, ó ń pè mí ní Mama ní gbogbo ọ̀nà. Mo fún un ní kúlíkúlí.

Brussels ni yìnyín ti ká wa mọ́. Wọ́n ní kò sí bọ́ọ̀sì kankan lọ́jọ́ Tuesday. Mo jókòó sí ibùdókọ̀, mo rẹ gàrí mi, omi tútù kì í ṣe nǹkan tó wọ́n níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá bá mi, wọ́n ń bi mí léèrè ọ̀nà nítorí kóòtù Brother Káyọ̀dé. Èmi tí mi ò mọ ibi tí mo wà. Mo kàn ń nawọ́ síbi tí mo bá rí i pé èèyàn ń lọ jù. Kí Olúwa dárí jì mí tí ẹnikẹ́ni bá tìtorí mi sọnù.

Bí mo ṣe rí i pé ọjọ́ ti ń lọ, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Tọ́pẹ́: “Ẹ dúró dè mí o. Ẹ bá mi bẹ àwọn oyìnbó yẹn.”

Wednesday gan-an ni mo tó dé Cologne, ọ̀sán ti pọ́n. Ago mẹ́wàá ti kọjá. Ó sì ku wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀nà kí n tó dé Hamburg. Fóònù mi kì í ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún àfi tí mo bá rí Wi-Fi. Wi-Fi ibùdókọ̀ náà mú, fóònù dún, mo wò ó, Tọ́pẹ́ ti kọ̀wé. Yorùbá ló fi kọ ọ́ torí Gẹ̀ẹ́sì èmi àti òun ò pàdé, Jámánì lòún gbọ́ jù. Kò fi àmì kankan sórí ẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe lórí fóònù. Ohun tó kọ nìyí:

Mama a ti sin won o. Won ni ki e ma sare mo.

Mo kà á: a ti sin wọ́n. Wọ́n ní kí n má sáré mọ́.

Mo jókòó lé báàgì mi lórí. Mo pe Tọ́pẹ́, kò gbé e. Mo tún pè é, Wi-Fi ti lọ, iná fóònù náà sì tán. Mo ní, Olúwa, O ti dá mi. Ọmọ onìjàkadì ni mí, O sì gbé mi ṣánlẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì: mi ò gbàdúrà. Mo bínú. Mo dìde, mo wọ́ báàgì mi lọ sínú ìlà àwọn tó ń padà sí Brussels. Mo ní kí ni mo tún ń lọ ṣe ní Hamburg, kí n padà sílé ọmọ mi jàre.

Ìlà yẹn gùn. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n mi ń tì mí. Mo ní bí mi ò tiẹ̀ rí ihò, kí n kì wọ́n níbi tí mo wà. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ohùn kékeré: Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Olálọmí.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Obìnrin kan ni, ó di ìgbálẹ̀ mú, ó wọ kóòtù àwọ̀ ọsàn tó ní ìlà tó ń dán, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Jámánì ló fẹ́ sọ sí mi. Ó gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu mi, ó yí i sí Yorùbá.

“Màmá, ṣé ọmọ Ọ̀fà ni yín?”

Mo ní, “Ìwọ ńkọ́?”

“Ìkìrun ni mí. Rónkẹ́ lorúkọ mi. Ẹ má bínú, mo rí kóòtù yín lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní àwọn ọ̀gá wa ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi nìyẹn. Mo tún wò ó, mo ní àbí arúgbó ni wọ́n wá ń gbà síṣẹ́ báyìí?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

“Ẹ rọra. Ọmọ Olálọmí kì í rí báyìí àfi tí wọ́n bá dá a. Ta ló dá yín?”

Mo ní fóònù ni. Ó fi okùn fà á síná lára ògiri, ó dúró tì mí nínú ìlà títí tó fi tàn. Ó ka ọ̀rọ̀ náà. Ó wo ojú mi. Ó tún un kà.

“Ta ni wọ́n sin, Màmá?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Tọ́pẹ́ tó kọ̀wé yẹn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ náà ṣáà ti kà á.”

“Mo kà á, mi ò rí àmì lórí ẹ̀. Ó lè jẹ́ sin, ó lè jẹ́ sìn. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì fẹ̀ tó ihò sàréè. Ṣé àlejò wà nílé ọ̀fọ̀ yẹn?”

“Àlejò á wà.”

“Bóyá àwọn ni wọ́n sìn. Ẹ mú nọ́ńbà ọmọ náà wá.”

Inú Bíbélì mi ni nọ́ńbà náà wà. Rónkẹ́ fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó gbé ohùn ẹ̀ síta kí n lè gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Tọ́pẹ́ tó gbé e.

Rónkẹ́ ní, “Tọ́pẹ́, mo wà lọ́dọ̀ Màmá yín ní Cologne. Ìgbà wo lẹ sin ìyá ẹ?”

“Mọ́mì mi? Rárá o. Yìnyín bo itẹ́ òkú, ilẹ̀ le, wọn ò lè gbẹ́ ẹ. Friday ni. Mo fi ohùn sọ ọ́ fún Mama lánàá, bóyá kò tíì wọlé.”

“O kọ ọ́ pé ẹ ti sin wọ́n.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, a ti sìn wọ́n. Uncle Gbóyè àti ìyàwó ẹ̀. Iṣẹ́ wà, wọn ò lè dúró títí Friday. A sìn wọ́n lọ síbi train. Wọ́n ní kí Mama má sáré mọ́, kí ó má lọ ṣubú.”

Gbóyè yìí, àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Munich ló ń gbé.

Ohùn Tọ́pẹ́ wá yí padà. Ó ní, “Mama, ṣé ẹ rò pé mo lè sin wọ́n kí ẹ tó dé?”

Rónkẹ́ ló bá mi dá a lóhùn: “Ìwọ náà, máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ẹ. O fẹ́rẹ̀ẹ́ dá arúgbó padà sí Amẹ́ríkà.”

Èèyàn méjì ló kù níwájú mi nínú ìlà Brussels. Mo wọ́ báàgì mi jáde. Rónkẹ́ ra tíì gbígbóná fún mi, ó mú mi dé ẹnu ọkọ̀ Hamburg. Dẹ́rẹ́bà wo kóòtù mi, ó bi í léèrè bóyá òṣìṣẹ́ wọn ni mí. Rónkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá òun ni mí. Ẹ bá a tọrọ àforíjì, ìfẹ́ ló mú un purọ́.

Brother Káyọ̀dé, kóòtù yín nìyí, mo ti fọ̀ ọ́. Ká ní dúdú olówó iyebíye ni mo wọ̀, Rónkẹ́ ì bá ti gbálẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mother Abígẹ́ẹ̀lì, ẹni tó gbọ́ èdè mi dúró dè mí lóòótọ́. Mo bínú sí Ọlọ́run ní Cologne, Òun kò bínú sí mi. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ bá mi gbé ògo fún Ẹni tó mọ àmì tó yẹ kó wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀, kódà èyí tí àwa kò fi àmì sí.

Lọ́jọ́ Thursday, mo kọ́ Tọ́pẹ́ ní oríkì ìyá ẹ̀ nínú kíṣìnì wọn, ó ń fi Jámánì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Friday, òtútù kò jẹ́ kí n bọ́ kóòtù. Gbogbo wọn wọ dúdú, èmi nìkan ni mò ń dán. Mo dúró létí ihò, mo ki ẹ̀gbọ́n mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo ibì kankan. Níbi tí ohùn mi ti fẹ́ já, Tọ́pẹ́ gbà á lẹ́nu mi. Ó ṣì í pè níbi méjì, mi ò tún un ṣe.

A sìn wọ́n dé ibẹ̀. Ní ago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Friday, a sin wọ́n.