Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ-Ọmọ Mi Láti Pápákọ̀ Òfurufú

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí inú ṣe ń bí mi náà ni ọpẹ́ kún ẹnu mi. Wọ́n sọ ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ lórúkọ, mi ò sí níbẹ̀! Èmi tí mo ti ń gbàdúrà ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí oyún ti dúró! Ta ni kí n bínú sí? Fóònù ọkọ ọmọ mi ni.

Agége ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan n'Íkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lára páálí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Ojoojúmọ́ ni bàálù ń kọjá lórí páànù wa, débi pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹni tó ń wo bàálù láti ìsàlẹ̀ mọ ìrìn ẹ̀ ni?

Nígbà tí ọmọ mi bímọ ní Kánádà, ó ń sunkún pé, "Màámi, bàbá mi ò sí, àwọn òbí ọkọ mi náà ò sí mọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó máa sọ ọmọ yìí lórúkọ." Físà mi sì pẹ́ kó tó jáde. Ọkọ ẹ̀ bá tẹ fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti Ìkẹjà dé ọ̀dọ̀ wa ò ju wákàtí méjìlá lọ. Tẹ́ ẹ bá gbéra lọ́jọ́ keje, ẹ ti dé kí ọjọ́ kẹjọ tó mọ́." Àṣé ìrìn ẹyẹ ni fóònù ń sọ! Kò sí bàálù tó ń lọ tààrà síbẹ̀. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò wo ọjọ́ tí màá dé. Èmi tí mo ń fọ́nnu pé mo mọ̀wé kà náà ò wò ó.

Ìlú onílùú tí bàálù àkọ́kọ́ já mi sí ni wọ́n ti sọ fún mi pé ó di alẹ́ ọjọ́ kejì kí èkejì tó gbéra. Alẹ́ ọjọ́ kẹjọ! Mo di ọ̀já tí mo fi pọn ìyá ọmọ mú, mo bú sẹ́kún, mo ń fi Yorùbá ṣépè fún fóònù.

Obìnrin kan tó ń nulẹ̀ níbẹ̀ dúró. "Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Ìkómọ ni!"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó wá oúnjẹ fún mi. Nígbà tí àsìkò ìkómọ tó lọ́jọ́ kejì, ó padà wá, ó pín dátà tiẹ̀ sí fóònù mi, a bá rí gbogbo wọn ní Kánádà. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi, gbọ̀ngàn àjèjì ni mò ń wò. Bí mo ṣe rí ojú ọmọ, ẹkún tún dé. Obìnrin yìí dì mí léjìká mú: "Ó tó, Màámi! Ṣé ẹkún ni kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín? Ẹ dárúkọ!"

Mo ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́." Òun ló ṣe àmín tó ròkè jù. Ọmọ mi ní, "Oríkì ńkọ́, Màámi?" Mo ń fi ọ̀já nu ojú. Obìnrin yìí gbà á lẹ́nu mi: "Àjọkẹ́ ni!"

Ọkọ ọmọ mi ti dọ̀bálẹ̀, mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n mi ò ní dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìrìn, ẹ má bèèrè wákàtí tí bàálù máa fò. Ẹ bèèrè ibi tó ti máa já yín sílẹ̀, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kan ilẹ̀kùn ilé tẹ́ ẹ ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dùn mí. Wọ́n pe bàálù wa, mo sáré, mi ò bèèrè orúkọ obìnrin yẹn. Ó fún ọmọ wa ní oríkì, èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Àjọkẹ́ ti ń rìn báyìí. Bí mo bá pè é, ẹni méjì ni mò ń pè.