Inú Bọ́ọ̀tù Ni Mo Gbé Ajá Náà Sí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ lórí fóònù yín, mo kí yín o. Èmi náà máa ń kà á. Mo máa ń pòṣé sí àwọn tó ń kọ ọ́. Mo máa ń sọ pé ẹni tí kò lẹ́ni tó lè bá sọ̀rọ̀ nílé ló ń lọ tú àṣírí ara rẹ̀ fún àwọn aláìríṣẹ́ṣe. Ẹ wá wò mí lónìí.

Mo ba ayé ọmọkùnrin kan jẹ́ nítorí ajá. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú, àfi lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí tí mo tún fi ẹnu ara mi jí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Èmi kì í ṣe ọmọdé. Mò ń ta ike ní Sángò: bọ́kẹ́ẹ̀tì, àga, bàsíà, dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ní Àlàájà oníke, wọ́n á júwe mi fún yín. Mo ti lọ Mẹ́kà, mo ti dé. Èmi ni mò ń ṣíwájú àwọn obìnrin àsàláátù ní àdúgbò wa ní Ìjòkó.

Nígbà tí a kó lọ sílé wa ní Ìjòkó, olè fo fẹ́ǹsì wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ní àfi ajá. Kì í ṣe ajá tiwa tó ń ká àkìtàn kiri o, ajá òyìnbó ńlá, irú èyí tí wọ́n ń so sẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà. Mo ní kí ló dé tí kò gba ọdẹ. Ó ní ọdẹ máa ń sùn. Ẹni tó máa ń hanrun nínú ìpàdé onílé!

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ajá rí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí itọ́ ajá bá kan aṣọ ẹni, a ò gbọdọ̀ fi kírun àfi tí a bá fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wá ń bá ajá gbé, tó ń fọwọ́ pa á lórí, tó ń pè é lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọ, mi ò ka irú wọn sí èèyàn gidi.

Irú wọn ni Múfú. Àtàn-Ọ̀tà ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ ajá, kó kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé, kó wá kó wọn fún àwọn ilé iṣẹ́. Mùsùlùmí sì ni, ọmọ àlùfáà ni pẹ̀lú. Ó ní aṣọ ìrun lọ́tọ̀, ó máa ń wẹ̀ kanlẹ̀ kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ dúró tì í. Èmi náà yínmú sí i lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo lọ gbé ajá náà. Ọkọ mi ti lọ ìnáwó, èmi ni mo fúnra mi wa ọkọ̀. Bìńgò lorúkọ ajá ọ̀hún. Ó ga dé ìbàdí mi, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ bí àyà ọkùnrin.

Múfú wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní òun ò fún un lóúnjẹ láti àárọ̀, kó má baà bì nínú ọkọ̀. Ó tẹ́ aṣọ sórí àga ẹ̀yìn. Ó wọ ìgbànú kan fún un láyà, ó so ó mọ́ bẹ́líìtì ọkọ̀. Ó ní wọn kì í so ó lọ́rùn, pé bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, okùn lè fún un lọ́rùn pa. Ó ní kí n ṣí gíláàsì díẹ̀, kó má tó èyí tí orí rẹ̀ á fi yọ síta. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan àti abọ́ sínú ọkọ̀, ó ní bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá pọ̀, kí n yà síbi ibòji kí n fún un mu. Ó ní ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde, pé kí n má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo tì pa, bó ti wù kí àkókò náà kéré mọ.

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Èmi tí mo pọn àkọ́bí mi sẹ́yìn gun ọ̀kadà láti Sángò dé Ìjòkó, kò sẹ́ni tó de bẹ́líìtì mọ́ ọn! Ajá wá fẹ́ jókòó lẹ́yìn bí ọ̀gá, èmi wá di dírẹ́bà rẹ̀. Múfú ní bó bá máa nira fún mi, òun á tẹ̀ lé mi délé, òun á jókòó tì í. Mo ní kó má ṣèyọnu. Òórùn ajá tó wà lára òun náà ni mi ò fẹ́ nínú ọkọ̀ mi.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí ajá náà na orí síwájú, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ sí mi lọ́rùn. Itọ́ bọ́ sí èjìká mi. Áà! Àsìkò ìrun sì ti ń sún mọ́lé. Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo fi ọ̀rá bọwọ́, mo tú bẹ́líìtì rẹ̀, mo fà á wá sẹ́yìn ọkọ̀, mo ṣí bọ́ọ̀tù. Mo nàka síbẹ̀, mo ní, "Wọlé." Ó wò mí. Ó wo inú bọ́ọ̀tù. Ó fò wọlé, ó ká ara rẹ̀ jọ kó lè gbà á. Mo dé e mọ́ ibẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn pé ó gbọ́ràn.

Tírélà kan ti takú sójú ọ̀nà ṣáájú Ìyànà Ìyèsí. A jókòó sójú kan náà pẹ́. Oòrùn ń pa iwájú ọkọ̀ bí iná. Mo tan éésì, mo ń gbọ́ wáàsí lórí rédíò. Mi ò rántí ajá kankan.

Nígbà tí mo dé Ìyànà Ìyèsí, àkókò ìrun àyìlá ti wọlé. Mo pa ọkọ̀ sínú oòrùn níwájú mọ́ṣáláṣí kan. Omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó dùn mí jù rèé: omi kẹ́ẹ̀gì tí Múfú gbé fún ajá ni mo fi fọ èjìká aṣọ mi, òun náà ni mo fi ṣe àlùwàlá. Mo kírun. Mo wá pàdé obìnrin kan tí a jọ lọ Mẹ́kà, a jókòó sábẹ́ ibòji, a ń rojọ́ orogún rẹ̀. A ò tètè dìde.

Ariwo ló gbé wa dìde. Àwọn ọlọ́kadà ti pé yí ọkọ̀ mi ká. Nǹkan ń gbá bọ́ọ̀tù láti inú, gbì, gbì. Wọ́n ń pariwo pé èèyàn wà níbẹ̀, pé gbọ́mọgbọ́mọ ló ni mọ́tò yìí. Mo ní ajá ni. Wọ́n ní irọ́ ni. Àwọn ẹni tí mi ò lè gbà kí wọ́n jókòó níwájú ìsọ̀ mi ló di ìborùn mi mú, tí wọ́n ń pè mí lólè ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń kó sọ́rùn gbọ́mọgbọ́mọ lójú títì.

Mo ṣí i. Ajá náà ṣubú jáde. Kò lè dúró dáadáa, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ahọ́n rẹ̀ gùn bọ́ sílẹ̀, ìfófòó bo gbogbo ẹnu rẹ̀. Ẹnìkan kígbe pé, "Dìgbòlugi ni o!" Gbogbo wọn túká.

Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ajá wèrè ni. Mo ní ojú rẹ̀ yí nínú ọkọ̀, ìdí tí mo ṣe tì í mọ́ bọ́ọ̀tù nìyẹn, kó má baà bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Kíá, gbọ́mọgbọ́mọ di ìyá rere. Wọ́n ń kí mi pé mo láyà. Wọ́n mú igi, wọ́n mú òkúta. Ajá náà ò bá wọn jà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń wọ́ bọ̀, bóyá nítorí èmi nìkan ló mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pa á. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi pe Múfú, ó sì wá. Àwọn aládùúgbò ti kún pálọ̀ wa, wọ́n ń bá mi dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Àlàájà, ajá tí orí rẹ̀ ti dàrú, ta ló gbé e sínú bọ́ọ̀tù?"

Mo fò dìde. Mo ní ṣé èmi ló ń bá wí, òun tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ò fẹ́ dúró tì! Mo pè é ní elérìí, mo ní ó ń ba orúkọ ẹ̀sìn jẹ́. Ọkọ mi lé e síta. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé gbogbo ẹnu géètì ilé iṣẹ́. Wọ́n ń pè é ní Múfú tó ń kó ajá dìgbòlugi fún èèyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ fi májèlé pa àwọn ajá tó kù. Ó di ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù. Nígbà mìíràn tó bá gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá, á ní, "Ẹ kú ọjà, mà." Àgbọ̀n ni mo fi ń dá a lóhùn. Inú máa ń bí mi gan-an ni. Ẹni tí o ṣẹ̀ tí kò bú ọ, ṣe ni yóò dà bíi pé ó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà mi kan tó jẹ́ máníjà ilé iṣẹ́ pè mí. Mò ń ná bàsíà pẹ̀lú obìnrin kan lọ́wọ́. Ó ní àwọn ń wá ẹni tó máa tọ́jú ajá àwọn, pé Múfú wá, ó sì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ìtàn ajá kan fún òun. Ó ní èmi tó ṣẹlẹ̀ sí, kí n jọ̀ọ́ sọ òótọ́ fún òun, lọ́jọ́ Ẹtì làwọn máa mú ẹni táwọn fẹ́.

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ṣáájú mi. Mo ní, "Ẹ má dán an wò o. Ajá wèrè ló gbé fún mi."

Mo wá gbọ́ ohùn Múfú, àṣé ọ̀dọ̀ máníjà ló jókòó sí, wọ́n ti gbé ohùn fóònù síta kó lè máa gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Ìyànà Ìyèsí, mo lè sọ pé ẹ̀rù ló bà mí, wọ́n fẹ́ dáná sun mi. Lọ́jọ́ Ajé, ta ló fẹ́ dáná sun mi? Mo jókòó sórí àga, fáànù ń fẹ́ sí mi lára. Gbogbo ẹni tí mo ti yínmú sí láyé mi, kò sí èyí tó kéré tó mi nínú wọn.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn obìnrin ládùúrà. Ẹ má sọ fún mi pé ọkọ mi á bínú, tàbí pé àwọn àsàláátù á yọ mí nípò. Wọ́n á yọ mí, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n pe máníjà náà, kí n sọ òótọ́ fún un, kí n tó lọ bá Múfú níbi búlọ́ọ̀kù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òní ni Ọjọ́rú. Mo ti pe máníjà náà lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Bó bá ti gbé e, á ní, "Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi náà á kí i, màá wá máa bi í bóyá wọ́n nílò bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà kẹta, ó ní kí n kó méjìlá wá. Ó dájú pé kò nílò wọn, ojú mi ló ń wò.

Ẹ̀yin tí mo pè ní aláìríṣẹ́ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo tún fẹ́ pè é báyìí. Lẹ́yìn "ẹ kú iṣẹ́ o," kí ni ọ̀rọ̀ tó kàn?